Mo fẹ́ mú bàbá mi lọ wo ìdíje àwọn ọkọ̀ ìje àtijọ́ oníjókòó kan: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Mẹkáníìkì (Dartford)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ lò lọ́dọ̀ wa. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni wọ́n fi tọ́ wa, Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà títí orúnkún fi ní kí wọ́n jókòó sílé. Láti kékeré ni mo ti ń rí fọ́tò kan tí wọ́n gé nínú ìwé ìròyìn, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lókè tábìlì irinṣẹ́ wọn: mọ́tò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kò ní fẹ́ńdà, kò ní òrùlé, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níta gbangba, orí awakọ̀ nìkan ló yọ. Ọ́ìlì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo fọ́tò náà tán. Wọn ò fojú kan irú mọ́tò yẹn rí.

Mo wá gbọ́ pé wọ́n ṣì máa ń fi àwọn mọ́tò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ díje ní Brands Hatch, pápá ìje mọ́tò kan ní Kent, kò sì jìnnà sí wa rárá. Mi ò débẹ̀ rí. Ṣé wọ́n ń sáré ní tòótọ́, àbí wọ́n kàn ń wà á yí ká kí àwọn èèyàn lè ya fọ́tò? Níbo la máa dúró sí? Ṣé ẹni tí orúnkún ń dùn lè rìn níbẹ̀? Kí la máa mú dání? Ẹni tó bá ti lọ rí, ẹ dákun, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀.

Ìyá Ìbejì (Gravesend)

Bàbá á dé láyọ̀ o. Etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ronú sí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ lọ, mi ò mú nǹkan kan dání fún etí wọn. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n ń mú gbóná, ẹni tó wà nínú ẹ̀ tẹ epo lẹ́ẹ̀kan péré, Kẹ́hìndé sì figbe ta. Mo gbé e, mo pọ̀n ọ́n, kò dákẹ́. Aago mọ́kànlá kò tíì lù tí a ti padà sílé, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì ti lọ. Ẹ ra ìbòtí tó nípọn, irú èyí tí àwọn tó ń fọ́ kọnkéré máa ń lò. Kí Bàbá náà lo tiwọn. Etí mẹkáníìkì ti jìyà tó láyé ẹ̀, ká tọ́jú ìwọ̀nba tó kù.

Ẹ lè gbé oúnjẹ wọlé. Mọ́ínmọ́ín àti búrẹ́dì ni mo máa ń dì, pẹ̀lú tíì gbígbóná nínú fíláàsì. Wọ́n ń ta bọ́gà àti ọ̀dùnkún díndín níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà máa ń gùn lọ́sàn-án. Ẹ mú àga àkápọ̀, ẹ mú rénkóòtù bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù Keje ni, torí ibẹ̀ wà lórí òkè, atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Bàtà tó ń di ilẹ̀ mú ni kí Bàbá wọ̀. Koríko gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló pọ̀ jù, tí òjò bá sì ti rọ̀ sí i, ó ń yọ̀ bí ilá. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé 13 kò sanwó nígbà tí a lọ.

Aláṣọ Ọsàn

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Èmi wà lára àwọn tí ẹ máa rí lẹ́bàá ọ̀nà nínú aṣọ aláwọ̀ ọsàn, tí a ń ju àsíá. Ọ̀fẹ́ la ń ṣe é, ìfẹ́ ló gbé wa débẹ̀. Torí náà mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ yín: wọ́n ń sáré. Kì í ṣe àfihàn. Mo ti rí ọkùnrin tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nínú ọkọ̀ tó dàgbà tó ọmọ ẹ̀ àkọ́bí, tó wọ kọ́nà pẹ̀lú ọkọ̀ méjì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ìwé ò sì lè gba àárín táyà wọn kọjá. Wọ́n kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé eré yìí léwu. Òótọ́ ni wọ́n kọ.

Brands Hatch ní ọ̀nà méjì. Èyí kúkúrú, tí wọ́n ń pè ní Indy, jẹ́ nǹkan bíi máìlì 1.2. Èyí gígùn, ti Grand Prix, jẹ́ nǹkan bíi máìlì 2.4, ó sì gba inú igbó kọjá. Orí èyí gígùn yìí ni wọ́n ti sá Grand Prix ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (ìdíje Formula One, ipele tó ga jù nínú eré ọkọ̀ oníjókòó kan) lẹ́ẹ̀méjìlá láàárín ọdún 1964 sí 1986. Jim Clark, awakọ̀ ará Scotland, ló gba ti àkọ́kọ́, nínú ọkọ̀ Lotus. HSCC (Historic Sports Car Club), ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1966 fún irú ìdíje báyìí, máa ń ṣe ìpàdé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Superprix lórí ọ̀nà gígùn náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ yẹ kàlẹ́ńdà wọn wò kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì wò ó dáadáa pé àwọn oníjókòó kan wà nínú ètò, torí àwọn ìpàdé kan wà tó jẹ́ kìkì ọkọ̀ olórùlé ni.

Ní ti ìdúró: ibẹ̀ dà bí abọ́. Tí èèyàn bá wà létí abọ́ náà, apá tó pọ̀ nínú ọ̀nà kúkúrú yẹn ló máa rí láìkúrò lójú kan. Ìyẹn ló dára fún Bàbá. Ní àwọn ìpàdé kéékèèké, wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn gbé mọ́tò ẹ̀ sórí South Bank, kó jókòó sínú ẹ̀ kó máa wòran. Tí ẹ bá tètè dé, ẹ máa rí àyè ibẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá bi mí pé níbo ni mo ti fẹ́ràn jù, Druids ni. Kọ́nà tó ṣẹ́rí padà lórí òkè ni, láàárín àwọn igi. Ibẹ̀ ni eré ti ń rọlẹ̀ jù, ojú á sì tó ohun tí awakọ̀ ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Thamesmead

Aláṣọ Ọsàn, mo gba tiyín, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan má lọ sí Druids kó má kọ́kọ́ dúró sí Paddock Hill, kọ́nà àkọ́kọ́, nígbà ìgbéra o! Ilẹ̀ á kàn já wọ́n sílẹ̀ lójijì. Láti ibi tí wọ́n ti ń yà sọ́tùn-ún, ẹ ò ní rí ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń já sí, àwọn náà ò sì rí i. Ogún ọkọ̀, gbogbo wọn fẹ́ gba ojú kan náà. Mo ti lọ tó ìgbà mẹ́sàn-án, àyà mi ṣì máa ń já. Ìgbéra eré kọ̀ọ̀kan ní Paddock Hill, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá máa rọra rìn lọ síbi tó bá wù yín.

Jíà Kẹrin

Ọmọ Mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó máa wọ Bàbá lára ju Grand Prix lọ. Ẹ wo ètò ọjọ́ náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Historic Formula Ford sí.

Ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1967 ni wọ́n sá Formula Ford àkọ́kọ́ láyé, Brands Hatch yìí gan-an ni wọ́n sì ti sá a. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀dọ́ tó ń kọ́ eré ìje rí ọkọ̀ oníjókòó kan tí owó ẹ̀ kò ní pa á. Nítorí náà wọn ò fi ìyẹ́ (pátákó tí atẹ́gùn fi ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀) sí i lára, táyà ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ́ńjìnnì mọ́tò ilé lásán ni wọ́n sì gbé sí i. Ẹ́ńjìnnì Ford Cortina GT! Nígbà tó yá ni wọ́n bọ́ sórí 1600 ti Ford, ọmọ ìyá kan náà. Bàbá yín á ti tú irú ẹ̀ palẹ̀ ní Mọ́kọ́lá tó ìgbà tí wọn ò lè kà mọ́. Gíábọ́ọ̀sì ẹ̀ ńkọ́? Ilé iṣẹ́ Hewland ló ṣe púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ìkarahun tí wọ́n to eyín jíà sínú ẹ̀, ti Volkswagen Ìjàpá ni. Cortina ń tì í, Ìjàpá ń gbé e, òun náà ni awakọ̀ Emerson Fittipaldi bá ẹ̀ pàdé nígbà tó ti Brazil dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1969. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn, ó gba Grand Prix ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Brands Hatch nínú Lotus 72, ó sì gba adé àgbáyé lọ́dún náà. Formula Ford ni Ayrton Senna, ará Brazil mìíràn, náà fi bẹ̀rẹ̀ ìdíje mọ́tò lọ́dún 1981, Brands Hatch ló ti kọ́kọ́ borí.

Nípa àwọn yòókù, ẹ fi ojú ẹ́ńjìnnì wò wọ́n, ọjọ́ orí wọn á yé yín kíá. Tí ẹ bá rí i tí ẹ́ńjìnnì wà níwájú, tí awakọ̀ jókòó ṣánṣán bí ẹni jókòó sórí àga ìjẹun, ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́, bíi Maserati 250F ọdún 1954. Jack Brabham gba adé àgbáyé lọ́dún 1959 nínú Cooper tó gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn awakọ̀, látìgbà náà ni ti iwájú kò ti rójú mọ́. Nígbà tí Lotus 25 fi máa jáde lọ́dún 1962, awakọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja nínú ẹ̀. Àwọn ìyẹ́ gíga bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára wọn lọ́dún 1968, táyà kíkún tí kò ní ilà sì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970.

Tí ẹ bá gbọ́ ohùn kan tó ń gbọ̀n yín nínú ikùn kẹ́ ẹ tó fi etí gbọ́ ọ, ẹ́ńjìnnì Cosworth DFV ti Formula One nìyẹn, lítà mẹ́ta, sìlíńdà mẹ́jọ. Ìjáde ẹ̀ àkọ́kọ́, ní Zandvoort nílẹ̀ Netherlands lọ́dún 1967, Jim Clark fi borí. Kó tó kógbá wọlé, ó ti gba Grand Prix 155.

Ẹ má wo ọkọ̀ nìkan o. Ọwọ́ awakọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Nínú Formula One òde òní, ọwọ́ pamọ́, ọkọ̀ á kàn lẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá lọ. Nínú àwọn àtijọ́ tí kò ní ìyẹ́, táyà ò di ilẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀, ìdí ọkọ̀ á máa fẹ́ sá lọ, ẹ máa rí i bí awakọ̀ ṣe ń yí sítíárìn sódì láti pè é padà, ó ń yí i, ó ń dá a padà, ní gbogbo kọ́nà. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fara mọ́ Druids.

Ọmọ Mẹkáníìkì

Gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá kẹ̀! Ẹ̀gbọ́n Jíà Kẹrin, mo ka ibẹ̀ sétí Bàbá lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Wọn ò lè kàn gbé e síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ara Ìjàpá, ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì ni ẹ́ńjìnnì wà. Tí wọ́n bá yí i kí ẹ́ńjìnnì wà níwájú ẹ̀, jíà mẹ́rin á máa lọ sẹ́yìn, ọ̀kan ṣoṣo ni á máa lọ síwájú. Bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ṣe é."

Jíà Kẹrin

Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Mo mọ èsì ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ síbí. Kí wọ́n bi àwọn tó ni ọkọ̀ lójúkojú.

Tèmi Portsmouth

Mo fẹ́ dá Goodwood, pápá ìje kan ní Sussex, sí i, torí tí Bàbá bá máa wà dé oṣù Kẹsàn-án, Revival, ìdíje ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, á bọ́ sí àsìkò wọn. Pápá ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun ni ibẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀nà tó yí pápá náà ká ni wọ́n sọ di ọ̀nà ìje lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1948. Wọ́n dá eré dúró níbẹ̀ lọ́dún 1966, wọ́n wá jí i dìde lọ́dún 1998, àádọ́ta ọdún gééré lẹ́yìn tó kọ́kọ́ ṣí. Kò sí mọ́tò òde òní kankan nínú ọgbà náà, ìta ni ẹ máa gbé tiyín sí. Àwọn òǹwòran náà máa ń múra bí ará ayé àtijọ́, láti àwọn ọdún 1940 sí àwọn ọdún 1960. Mo mú fọ́tò ìyá mi tí wọ́n yà ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1962 lọ bá télọ̀, ó rán bùbá àti ìró yẹn fún mi gẹ́lẹ́, mo sì wé gèlè kékeré irú èyí tó wà lórí wọn. Àwọn àgbàlagbà tí mi ò mọ̀ rí dá mi dúró láti bi mí nípa aṣọ náà. Mo sunkún díẹ̀ níbẹ̀, torí ìyá mi ti lọ.

Àwọn oníjókòó kan pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ẹ máa rí ERA, ọkọ̀ ìje Gẹ̀ẹ́sì ti àwọn ọdún 1930, irú èyí tí Bira, ọmọ ọba Siam tó di Thailand lónìí, fi ń na àwọn òyìnbó. Ẹ máa rí àwọn Grand Prix onílítà kan ààbọ̀ ti 1961 sí 1965 nínú eré tí wọ́n ń pè ní Glover Trophy. Ní kọ́nà St Mary's níbẹ̀ ni Stirling Moss, awakọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí, ti forí gba ìjàǹbá lọ́dún 1962, tí kò fi tún sá Grand Prix mọ́. Tí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń dúró díẹ̀.

Ẹ má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì Festival of Speed ní àṣìṣe o! Goodwood náà ni, ṣùgbọ́n ọgbà ààfin ni ìyẹn, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń dá gun òkè lọ. Tó bá jẹ́ ìdíje lẹ ń wá, Revival ni. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, ìrìn ibẹ̀ pọ̀, èrò sì pọ̀ ju ti Brands Hatch lọ. Orúnkún Bàbá ni kẹ́ ẹ fi pinnu.

Aláṣọ Ọsàn

Brands Hatch ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ Sátidé ni kẹ́ ẹ mú, ọjọ́ náà ni àwọn awakọ̀ sábà máa ń sá fún ipò ìgbéra, èrò kì í pọ̀, àwọn tó ni ọkọ̀ sì ráyè sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò, Swanley ni kó ti sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè, kó wọ takisí débẹ̀.

Tí ẹ bá wọlé, paddock ni kẹ́ ẹ gbà lọ tààrà, ìyẹn ọgbà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí tí wọ́n ti ń tún wọn ṣe. Ní irú ìpàdé yìí, ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀ ló dùn jù. Wọ́n ti ṣí ara ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà níta, ẹnì kan ń wọn atẹ́gùn táyà, ẹnì kan ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Àwọn kan nínú ọkọ̀ yìí kò gbé bátìrì ìgbéra tiwọn, bátìrì ìta ni wọ́n fi ń gbé e tàbí kí wọ́n tì í. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá bá wọn tì í, ẹ bọ́ sí i, ẹ ti di ará ilé nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ máa ń wọlé jáde níbẹ̀, awakọ̀ kì í rí ẹ̀yìn dáadáa, nítorí náà tí ẹ bá gbọ́ fèrè, ẹ yà. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan láìtọrọ ààyè, páìpù èéfín tó ti tutù lójú ṣì lè jó èèyàn lọ́wọ́. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ 500cc máa ń mu mẹtanọ́ọ̀lù, iná ẹ̀ kì í hàn lójú ọ̀sán, torí náà kò sí sìgá nítòsí wọn.

Tí ẹ bá rí wa tí a ju àsíá yẹ́lò, ewu wà níwájú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Pupa, eré ti dúró. Búlúù, ẹni tó yára jù ẹ́ wà lẹ́yìn ẹ. Ìyẹn tó láti fi tẹ̀ lé e.

Ìyá Ìbejì

Ẹ wá ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà kẹ́ ẹ tó jókòó o. Pẹ̀lú bàbá àgbàlagbà, ìyẹn ṣáájú kọ́nà kankan.

Ọmọ Mẹkáníìkì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti lọ, a ti dé, mo sì jẹ yín ní ìròyìn.

Ìbòtí: a mú un, ó gbà wá. Àga: a gbé e, a ò jókòó sórí ẹ̀. Mo ti ṣètò pé ìṣẹ́jú ogún ni a máa lò ní paddock, lẹ́yìn náà South Bank, kí Bàbá lè sinmi kó tó kan àwọn Formula One àtijọ́ lọ́sàn-án, torí òun ni mo rò pé ó jọ fọ́tò inú ṣọ́ọ̀bù.

Ọkọ̀ kẹta tí a dé ìdí ẹ̀, Formula Ford aláwọ̀ ewé kan ni. Ọkùnrin kan àti ọmọbìnrin ẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì mìíràn wà nílẹ̀ lórí aṣọ àkísà, wọ́n ti tú ìdajì ẹ̀. Bàbá dúró. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn na ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn sí ìkarahun yẹn, wọ́n ní, "Ìjàpá." Mo túmọ̀ ẹ̀. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í ní ìbéèrè Bàbá, pé kí ló dé tí kò fi ní jíà ẹ̀yìn mẹ́rin. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìkarahun náà, ó yí i kí iwájú ẹ̀ di ẹ̀yìn, ó wo ojú Bàbá, lẹ́yìn náà ló wá dojú ẹ̀ dé pátápátá, òkè di ìsàlẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Bàbá pariwo, "Háà! Ó dojú dé!" Wọ́n fọwọ́ lu itan, wọ́n gbàgbé orúnkún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ìkarahun náà, wọ́n ń fi ìka tọ ibi tí wíìlì eléyín ńlá á ti bọ́ sí òdìkejì.

Láti ìgbà náà, mi ò lè gbé wọn kúrò níbẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn fún wọn ní àpótí kan láti fi jókòó. Wọ́n ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un, wọ́n ń na sípánà sí i kó tó bèèrè, èmi ń túmọ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí ohùn mi lọ. A gbọ́ DFV láti ibẹ̀. Bàbá gbé orí sókè, wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní, "Ìyẹn ò sinmi," wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́. Formula One tí mo tìtorí ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, a ò rí ẹyọ kan níbi tó ti ń sáré.

Nígbà tó kan Formula Ford, a lọ sí Druids gẹ́gẹ́ bí Aláṣọ Ọsàn ṣe wí. Mo rìn lẹ́yìn Bàbá, a sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta ká tó dókè. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà wà ní ipò kẹjọ. Gbogbo ìgbà tó bá yí dé, Bàbá á ní, "Jíà kejì… ó ti bọ́ sí i," kí ohùn ẹ́ńjìnnì tó yí padà rárá.

Ọ̀la Sunday, wọ́n ní àwọn ń padà lọ, ọmọbìnrin yẹn ti ní kí wọ́n wá. Aláṣọ Ọsàn, ẹ dákun, aago mélòó ni wọ́n máa ń ṣí géètì? Bàbá ti kó aṣọ iṣẹ́ wọn sórí àga.